Ẹ̀yìn ewé ni wọ́n wà: bí a ṣe ń kápá máìtì alántakùn nínú ilé àti nínú grínháòsì

Bí ewé ata rodo tí ẹ gbìn sínú ìkòkò létí fèrèsé bá ṣàdédé ní àmì funfun wínníwínní, bí ẹni pé wọ́n fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ gún un káàkiri, ẹ má tíì sáré lọ gbé ajílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yí ewé náà padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn ewé ni máìtì, ẹ̀dá wínníwínní tó ń fa omi inú ewé mu, ń gbé: ibẹ̀ ló ti ń jẹun, ibẹ̀ ló ń yé ẹyin sí, ibẹ̀ náà ló ń ta okùn sí. Ẹni tó fín oògùn sí ojú ewé nìkan, orí òrùlé ló fín in sí. Àwọn onílé ṣì wà lábẹ́, wọ́n ń jẹun wọn lọ.

Nǹkan méjì ló ń mú kí iṣẹ́ yìí forí ṣánpọ́n fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Àkọ́kọ́ ni pé oògùn kò dé ẹ̀yìn ewé. Èkejì ni pé wọ́n á fín in lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á rí i pé àwọn àgbà máìtì kú, wọ́n á sì jókòó ti iṣẹ́ náà, nígbà tí ẹyin tí oògùn kò ràn ṣì wà níbẹ̀ tó fẹ́ pa. Orí nǹkan méjèèjì yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù dúró lé.

Irú ẹ̀dá tí máìtì jẹ́

Máìtì kì í ṣe kòkòrò bíi eṣinṣin tàbí ìdun. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní. Ìbátan alántakùn àti eégbọn ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá dé ìsọ̀ olóògùn, torí ọ̀pọ̀ oògùn tí wọ́n ṣe fún kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà kò ràn án rárá. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni Tetranychus urticae. Gígùn abo rẹ̀ tó ti dàgbà kò ju nǹkan bí ìdajì mílímítà lọ, àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín ti ewé àti yẹ́lò, ó sì ní àmì dúdú méjì, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lára tòmátò àti ọ̀dú, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí èyí tó pọ́n dòdò. Tetranychus evansi nìyẹn, tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá, tó sì ti di wàhálà fún àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ ní orílẹ̀-èdè Benin.

Ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ ló fi ń gún sẹ́ẹ̀lì ewé lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń fa ohun tútù inú rẹ̀ mu. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ti fà tán á ṣófo, á di àmì funfun kan. Bí àmì bá pọ̀, ewé á ṣì, á dà bíi bàbà, á gbẹ, á sì já bọ́.

Ẹyin rẹ̀ rí róbótó, ó mọ́ gaara. Ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà ló ń jáde nínú rẹ̀, yóò sì bọ́ awọ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó di àgbà. Kó tó bọ́ awọ kọ̀ọ̀kan, á dúró sójú kan láìjẹ láìmu, oògùn kì í sì í tètè ràn án lásìkò yẹn. Ooru ló ń pinnu bí gbogbo rẹ̀ ṣe máa yá tó. Bí ibẹ̀ bá gbóná tó 30°C, ẹyin á di àgbà láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan; bó bá jẹ́ 20°C, ó lè gbà á ní ọ̀sẹ̀ méjì àbọ̀. Abo kan lè yé ẹyin tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Bí kò tilẹ̀ rí akọ, á ṣì yé. Akọ nìkan ni ẹyin bẹ́ẹ̀ máa ń dà, òun náà á sì bá àwọn akọ yẹn gùn tí wọ́n bá dàgbà. Abo kan ṣoṣo tí ẹ gbójú fò ti tó láti dá agbo tuntun sílẹ̀.

Ooru gbígbẹ ló fẹ́ràn. Ìdí nìyẹn tó fi ń gbilẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, láti Oṣù Kọkànlá títí wọ Oṣù Kẹta, tó sì ń yọ àwọn èèyàn wa ní London lẹ́nu nígbà òtútù, nígbà tí ẹ̀rọ amúlégbóná bá ti gbẹ ọ̀rinrin inú yàrá tán. Òjò ńlá máa ń gbá a kúrò lára igi tó wà níta. Èyí tó wà nínú ilé tàbí lábẹ́ ọ̀rá grínháòsì, ìyẹn ilé ọlọ́ràá tí wọ́n ń gbin nǹkan sí, kò rí òjò kankan tí yóò gbá a.

Bí a ṣe ń yẹ ewé wò

Ẹ mú ìwé funfun kan, ẹ gbé e sábẹ́ ewé, kí ẹ fi ìka gbá ewé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ wá tẹjú mọ́ ìwé náà. Eruku kì í rìn. Bí ohun tó bọ́ sílẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, máìtì ni. Awò tó ń sọ nǹkan di ńlá nígbà mẹ́wàá kò wọ́n, ó sì tó láti fi rí ẹyin. Kámẹ́rà fóònù tí ẹ bá fà súnmọ́ dáadáa náà lè ṣe é.

Àwọn ewé àgbà ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan àárín ewé, torí ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ tẹ̀dó sí. Nínú ilé, ẹ wo igi tó wà létí fèrèsé tí oòrùn ń ràn sí, èyí tó sún mọ́ ẹ̀rọ amúlégbóná, àti èyí tí afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ lù. Róòsì, ìbẹ́pẹ, kùkúḿbà, tòmátò, ata, ìgbá, ẹ̀wà, hibiscus, croton, alocasia, calathea àti àwọn ọ̀pẹ inú ìkòkò wà lára àwọn tó fẹ́ràn jù. Pèrègún inú ilé náà kò yọ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó nígbà òjò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì.

Ẹ má dúró de ìgbà tí ẹ máa rí okùn tó hun ewé pọ̀. Àsìkò tí okùn bá hàn kedere, wọ́n ti pọ̀ kọjá ààlà, wọ́n sì ti ń kóra jọ sí ṣóńṣó igi, kí atẹ́gùn lè gbé wọn lọ sára igi mìíràn.

Àwọn nǹkan kan wà tí èèyàn máa ń ṣì mú fún máìtì. Tírípìsì, kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ kékeré kan, máa ń sọ ewé di dídán bíi fàdákà, ẹ ó sì rí ìgbẹ́ dúdú wínníwínní rẹ̀ lójú ibẹ̀. Àìtó magnesium máa ń sọ àárín iṣan ewé di yẹ́lò nígbà tí iṣan fúnra rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, kò sì ní àmì abẹ́rẹ́ kankan. Bí ọ̀mùnú ata bá ká kò, tó le, tó sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ, láìsí okùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú máìtì mìíràn tí ń jẹ́ Polyphagotarsonemus latus. Òun kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i, ọ̀mùnú ló sì ń bá jà, kì í ṣe ewé àgbà. Omi tó ní kálíṣíọ́ọ̀mù máa ń fi àmì funfun sílẹ̀ sójú ewé. Ìyẹn á nù kúrò tí ẹ bá fi aṣọ tútù nù ún.

Bí ẹ bá rí èyí tó ń sáré ju àwọn tó kù lọ, tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ọsàn, tí kò ní àmì dúdú méjì, ẹ fi í sílẹ̀. Ọdẹ ni òun, máìtì ló ń pa jẹ. Àwọn páálí yẹ́lò tó ń lẹ̀ mọ́ kòkòrò kò wúlò fún iṣẹ́ yìí, nítorí máìtì kò ní ìyẹ́, kì í fò.

Ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ rí i

Ẹ gbé igi náà kúrò láàárín àwọn yòókù lójú ẹsẹ̀, kí ewé rẹ̀ má bàa kan ti ẹlòmíràn. Gbogbo igi tó ti ń fara kàn án ni kí ẹ kà mọ́ èyí tó ti ní in, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò rí nǹkan kan lára wọn. Ẹ gé ewé tó ti bàjẹ́ ju ìdajì lọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú ọ̀rá lẹ́yẹ-ò-ṣọkà lórí igi gan-an, ẹ so ẹnu rẹ̀ pa, kí ẹ tó gbé e kọjá nínú ilé. Ewé tí ẹ bá sọ sílẹ̀ á rọ, àwọn máìtì orí rẹ̀ á sì kúrò níbẹ̀ lọ wá ewé tútù.

Lẹ́yìn náà ló kan omi. Ó ń yani lẹ́nu bí omi lásán ṣe lágbára tó lórí máìtì, mo sì gbà pé òun ló yẹ kó ṣáájú ohun gbogbo fún igi inú ìkòkò. Ẹ fi ọ̀rá bo ojú iyẹ̀pẹ̀ ìkòkò, ẹ so ó mọ́ ìdí igi kí omi má bàa pọ̀ jù ní gbòǹgbò. Ẹ gbé igi lọ sí balùwẹ̀, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ fi ṣáwà tàbí rọ́bà omi fọ ẹ̀yìn ewé láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ewé kan tẹ̀ lé òmíràn. Kí omi náà lágbára tó èyí tí ń mú ewé mì, ṣùgbọ́n kó má ya á. Ewé ńlá tó nípọn, bíi ti rọ́bà inú ilé tàbí pèrègún, ẹ lè fi fóòmù tútù nu ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ máa fọ fóòmù náà bí ẹ bá ti nu ewé kan tán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin gan-an ni yóò máa kó ẹyin kiri.

Ẹ ṣe èyí ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ igi inú ilé ni ìwòsàn wọn ń parí síbẹ̀ láìkan oògùn rárá, bí ẹ bá tètè rí wọn.

Ọṣẹ

Ọṣẹ tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́ ni èyí tí wọ́n fi pọ́táṣíọ́ọ̀mù sè. Ọṣẹ dúdú wa jẹ́ irú rẹ̀, torí eérú èèpo kòkó tàbí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń fi sè é pẹ̀lú epo. Ṣùgbọ́n èyí tí kò ní àfikún kankan ni kí ẹ lò: kò gbọ́dọ̀ ní oyin, òórùn dídùn, tàbí ohun ìbóra. Ó sì lè ní eérú tó pọ̀ jù, tó lè jó ewé, nítorí náà ìwọ̀n díẹ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wọn ọṣẹ dúdú gíráàmù 10, ẹ rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, ẹ yọ́ ọ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀. Ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ kí pàǹtírí má bàa dí ẹnu ìfín. Ẹ bù omi kún un títí yóò fi di lítà kan. Bí ewé bá gbà á láìjó, tí máìtì kò sì kú tó, ẹ lè gbé e dé gíráàmù 15 fún lítà kan. Ẹ má kọjá 20. Ẹni tó wà ní ìlú òyìnbó lè ra ọṣẹ olómi tí wọ́n ṣe fún kòkòrò ara òdòdó, kó sì tẹ̀ lé ìwọ̀n ara ìgò rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára ewé méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ dúró fún ọjọ́ méjì. Bí etí ewé bá dúdú tàbí ó gbẹ, ẹ dín ọṣẹ náà kù. Ewé onírun, ewé fern, irúgbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù àti òdòdó tó ti tanná kì í fara dà á dáadáa. Fún irú àwọn wọ̀nyí, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án kúrò lẹ́yìn wákàtí kan tàbí méjì. Iṣẹ́ ọṣẹ ti parí nígbà yẹn.

Ìdí tí ọṣẹ fi máa ń kùnà kò ju mẹ́ta lọ. Ọ̀kan ni omi líle. Bí ẹ bá po ọṣẹ mọ́ omi kànga tàbí ti borehole, tí kò hó, tí nǹkan funfun sì léfòó sójú rẹ̀ bíi wàrà tó ti dì, kálíṣíọ́ọ̀mù ti gba agbára ọṣẹ náà. Ẹ lo omi òjò. Ìkejì ni pé ọṣẹ máa ń pa máìtì nígbà tó bá ṣì tutù lára rẹ̀ nìkan. Bó bá ti gbẹ, kò lágbára mọ́. Nítorí náà, àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ la máa ń fín in, kì í ṣe ọ̀sán gangan. Ìkẹta ni pé kò ṣe ẹyin ní nǹkan púpọ̀, ìyẹn ló fi ń béèrè àtúnṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ọṣẹ oníyẹ̀fun tí a fi ń fọ aṣọ kì í ṣe èyí. Ó ń bó òróró ara ewé, ewé á sì jó. Omi ata àti áyù tí wọ́n ń pín ìlànà rẹ̀ káàkiri, àwa kì í gbẹ́kẹ̀ lé e.

Epo dóńgóyárò

Epo lágbára lórí ẹyin ju ọṣẹ lọ, torí ó ń dí ihò tí ẹyin àti máìtì fi ń mí. Epo dóńgóyárò tí wọ́n fún láìfi iná sí ni kí ẹ wá. Bí ibẹ̀ bá tutù, ó lè dì, ẹ gbé ìgò rẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kó lè yọ́.

Epo àti omi kì í pò fúnra wọn. Ẹ da ọṣẹ olómi tí kò lágbára jù, mílílítà 2, sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bí ife kan, ẹ rò ó pọ̀. Ẹ da epo mílílítà 5, ìyẹn ṣíbí tíì kan, sínú rẹ̀, kí ẹ jù ú jọ̀gìjọ̀gì títí yóò fi funfun bíi mílíìkì. Ẹ wá bù omi kún un dé lítà kan. Bí epo bá tún léfòó, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ kún un, torí ibi tí epo lásán bá bọ́ sí lára ewé ni yóò jó. Ẹ máa mi ìgò náà bí ẹ ṣe ń fín in, kí ẹ sì lò ó tán lọ́jọ́ náà. Èyí tó bá sùn mọ́jú ti sọ agbára nù.

Ẹ má fín epo nígbà tí ooru bá ju 32°C lọ tàbí nígbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ igi. Ẹ bomi rin ín lánàá kí ẹ tó fín epo lónìí. Epo àti súfúrù kì í pàdé: ẹ jẹ́ kí oṣù kan wà láàárín wọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ewé á jó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Ọjọ́ wo la tún máa fín in?

Ibí ni iṣẹ́ ti ń yè tàbí kú. Nínú ooru 27 sí 30°C, ẹyin ń pa láàárín bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, ọmọ rẹ̀ á sì tó yé tirẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀ tó pé. Nítorí náà, ẹ fín in lọ́jọ́ kìíní, ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ kẹrin, ọjọ́ kẹjọ àti ọjọ́ kejìlá. Èyí tó bá pa lẹ́yìn ìfín àkọ́kọ́ á bá ìfín kejì pàdé kó tó dàgbà débi tó lè yé. Ní yàrá tí ooru rẹ̀ kò ju 20°C lọ, ọjọ́ méje-méje tó, ṣùgbọ́n kó tó ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Tí ẹ bá fo ọjọ́ kan nínú ooru, tí ẹ wá fín in lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, àgbà tuntun ti yé ẹyin tuntun. Ìṣirò ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ kọ ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sára ògiri tàbí sínú fóònù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà tí ẹ gbà ń fín in ṣe pàtàkì tó ohun tí ẹ ń fín. Ẹ gbé ẹnu ìfín sísàlẹ̀ kó máa kọjú sókè, kí omi rẹ̀ dà bí ìrì kíkún, títí ẹ̀yìn ewé yóò fi máa kán tótó. Ẹ má gbàgbé ìsopọ̀ ewé àti ẹ̀ka, ẹ̀yìn ọ̀mùnú, àti etí ìkòkò.

Nínú grínháòsì

Igi ẹgbẹ̀rún kan kò ṣeé gbé lọ sí balùwẹ̀, nítorí náà ọ̀nà ibẹ̀ yàtọ̀. Lábẹ́ ọ̀rá, pàápàá ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn, ooru lè kọjá 35°C láìpẹ́, máìtì á sì máa pọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń rọ ọ́. Ẹ rìn gba àárín ewébẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ẹ dúró níbi igi kẹwàá-kẹwàá, kí ẹ yẹ ewé mẹ́ta wò: ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lókè. Ẹ yẹ ẹnu ọ̀nà àti ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn ti ń wọlé wò ju ibòmíràn lọ. Igi tó bá ní in, ẹ so aṣọ pupa mọ́ ọn. Ibi tí aṣọ pupa bá wà àti àwọn igi tó yí i ká tó mítà méjì ni ẹ máa kọ́kọ́ tọ́jú, kì í ṣe gbogbo ilé.

Aṣọ, ọwọ́ àti agbọ̀n òṣìṣẹ́ ló ń gbé máìtì kiri jù. Ibi tó mọ́ ni iṣẹ́ òòjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, ibi tó ní máìtì ló ń gbẹ̀yìn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ padà síbi tó mọ́ lọ́jọ́ náà láìpààrọ̀ aṣọ. Àwọ̀n tó ń dí kòkòrò kò lè dá a dúró pátápátá, ó kéré jù. Èpò inú ilé àti mítà mélòó kan níta rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò, pàápàá ọ̀dú tó hù fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni èyí tó pupa ń sá sí nígbà tí tòmátò kò sí nílẹ̀.

Ẹ yẹ ihò rọ́bà omi wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Igi tí omi rẹ̀ dí, tí òùngbẹ ń gbẹ, òun ni máìtì máa ń kọ́kọ́ borí. Yúríà àṣejù náà ń ràn wọ́n lọ́wọ́: ewé á rọ̀, oúnjẹ máìtì á dára, ẹyin á pọ̀. Ẹ lè ta omi sí ojú ọ̀nà àárín ewébẹ̀ ní àárọ̀ kí afẹ́fẹ́ lè ní ọ̀rinrin, kí ẹ sì ta àwọ̀n ìbòòji sókè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ewé gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí àrùn olú (fúngọ́ọ̀sì) má bàa gba ipò máìtì.

Oògùn wá ńkọ́? Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní ìsọ̀ ni cypermethrin àti lambda-cyhalothrin, àwọn gan-an ló sì máa ń dá ìjàm̀bá sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ń pa àwọn ọdẹ tó ń pa máìtì jẹ, máìtì fúnra rẹ̀ á sì yè é. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí àgbẹ̀ fín wọn nítorí kòkòrò mìíràn, ewé á funfun lọ bẹẹrẹ. Imidacloprid náà kò ràn wọ́n, a sì ti rí i nínú ìwádìí pé ó lè mú kí wọ́n yé sí i.

Oògùn tó jẹ́ ti máìtì gan-an ní nọ́mbà ẹgbẹ́ tó ń fi ọ̀nà tó gbà ń pani hàn. Abamectin wà ní ẹgbẹ́ 6: ó ń wọnú ewé láti ojú dé ẹ̀yìn, ó ń pa èyí tó ń rìn, kò sì pa ẹyin. Bifenazate wà ní 20D. Hexythiazox (10A) àti etoxazole (10B) ń mú ẹyin àti ọmọ, wọn kì í pa àgbà. Spiromesifen wà ní 23, fenpyroximate àti pyridaben sì wà ní 21A. Bí ẹ bá lo ẹgbẹ́ 6 lẹ́ẹ̀kan, kó jẹ́ ẹgbẹ́ mìíràn ni yóò tẹ̀ lé e. Orúkọ ara ìgò lè yàtọ̀ kó jẹ́ pé oògùn kan náà ló wà nínú ìgò méjèèjì, nítorí náà ohun tí wọ́n fi ṣe é ni kí ẹ máa kà. Máìtì tètè ń bá oògùn mọra, torí ìran wọn ń yípo kíákíá. Abamectin tí ẹ fín lẹ́ẹ̀mẹrin tẹ̀ léra kò ní í pa nǹkan kan mọ́ láìpẹ́.

Ìwọ̀n ara ìgò ni òfin. Bí ó bá ní 0.5 mílílítà fún lítà kan, mílílítà 8 ni fún tánkì ẹ̀yìn tó gba lítà 16. Ẹ wo nọ́mbà NAFDAC, ẹ wo iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹ tó kórè, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú, ẹ wọ aṣọ alápá gígùn. Abamectin ń pa oyin. Ẹ má fín in nígbà tí oyin bá ń ṣiṣẹ́ lórí òdòdó. Súfúrù lè ṣe iṣẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń jó ewé bí ooru bá ju 30°C lọ, kùkúḿbà kì í sì í gbà á.

Fún igi inú yàrá, kò sí ìdí tí oògùn olóró fi gbọ́dọ̀ wọlé. Dichlorvos, tí púpọ̀ mọ̀ sí Sniper, kò yẹ kó dé ibi tí èèyàn ń sùn tàbí tí ọmọdé ń ṣeré. Omi, ọṣẹ àti epo tó.

Kí ọdẹ bá wa ṣe é

Ọ̀nà yìí ló wù mí jù, Benin sì ni àpẹẹrẹ rẹ̀ tó dára jù wà. Máìtì aláwọ̀ ewé tó ń jẹ ẹ̀gẹ́, Mononychellus tanajoa, ti Gúúsù Amẹ́ríkà wọ Áfíríkà; Uganda ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní 1971, ó sì tàn ká gbogbo ibi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀gẹ́. Ní 1993, IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, tú máìtì ọdẹ kan tó wá láti Brazil, Typhlodromalus aripo, sóko ẹ̀gẹ́ ní Benin. Ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́ ló fi ṣe ilé: á sá pamọ́ síbẹ̀ lọ́sàn-án, á jáde lọ ṣọdẹ lórí ewé lóru. Ó dúró, ó sì tàn lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn láìsí ẹni tó ń tún un tú sílẹ̀.

Fún grínháòsì àti yàrá, ọdẹ tó lókìkí jù ni Phytoseiulus persimilis, tó dé Jámánì pẹ̀lú òdòdó orchid láti Chile ní nǹkan bí 1958. Máìtì alántakùn nìkan ló ń jẹ. Àgbà rẹ̀ lè jẹ àgbà máìtì márùn-ún tàbí ogún ẹyin lóòjọ́. Ó ń fẹ́ 20 sí 27°C, kí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ sì ju ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nínú ooru ọ̀sán tiwa, Neoseiulus californicus ló sàn, ó ń fara da ooru àti ọ̀gbẹlẹ̀ ju òun lọ.

Ẹni tó wà ní Britain lè ra àwọn méjèèjì kí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé ni kí ẹ tú wọn sílẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ta omi díẹ̀ sí ewé. Ẹ rọra yí ìgò náà kí wọ́n lè pín dọ́gba nínú rẹ̀, kí ẹ wá gbọ̀n wọ́n sórí ewé tó ní máìtì gan-an. Níbi tí máìtì ṣì kéré, 2 sí 6 fún mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan tó; níbi tí wọ́n ti pọ̀ gan-an, 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó tú wọn, ẹ lè fi ọṣẹ dín máìtì kù, torí ọṣẹ tó ti gbẹ kò pa ọdẹ. Cypermethrin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè wà lórí ewé fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí wọ́n sì máa pa ọdẹ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Bí máìtì bá tán, ebi á pa persimilis, á kú. Ẹ ó tún ra òmíràn bí ó bá tún yọjú.

Láàárín ìgbà kan sí òmíràn

Tí ẹ bá kórè tán nínú grínháòsì tó ti ní máìtì, ẹ má fa igi tu kí ẹ sì máa wọ́ ọ kọjá láàárín ilé. Ẹ kọ́kọ́ fín wọn bí wọ́n ṣe dúró, kí ẹ tó gé wọn, kí ẹ dì wọ́n sínú ọ̀rá, kí ẹ sì sun wọ́n tàbí kí ẹ rì wọ́n jinlẹ̀. Ẹ fọ okùn tí ẹ fi so tòmátò, irin àti igi òpó, torí abo máìtì máa ń sá sínú ihò wọn. Ní ilẹ̀ olótùútù, àwọn abo tó ti di pupa tàbí àwọ̀ ọsàn máa ń sùn níbẹ̀ títí òtútù fi kọjá. Ẹ wá ti ilé náà pa gbọin nínú oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, láìsí ewé tútù kankan nínú rẹ̀.

Igi tuntun tí ẹ rà, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kó tó bá àwọn yòókù jókòó, kí ẹ sì fọ ẹ̀yìn ewé rẹ̀ lọ́jọ́ tó wọlé. Igi tó ti pàdánù ewé tó pọ̀ jù, tí okùn sì ti bò ó dé orí, tí kì í ṣe èyí tó ṣọ̀wọ́n, ẹ jẹ́ kó lọ. Ó lè kó ran gbogbo ilé kó tó sàn.

Èyí tí ẹ tọ́jú, àmì funfun ara ewé rẹ̀ àtijọ́ kò ní í lọ, torí sẹ́ẹ̀lì tó ṣófo kì í kún mọ́. Ewé tuntun ni kí ẹ máa wò. Bí ẹ bá gbá a sórí ìwé funfun lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí nǹkan kan kò rìn, ẹ gbé igi náà padà sí ààyè rẹ̀. Bí ẹyọ kan bá rìn, ẹ bẹ̀rẹ̀ òǹkà ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà láti àkọ́kọ́.